Ṣé kí n dúró de fóònù tó ń bọ̀, àbí kí n ra èyí tó wà nílẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Android tí mo ń lò ti ń háńgì. Ṣíìpù Helio G88 ni wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀, RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, mo sì ti lò ó fún bí ọdún mẹ́ta. Tí mo bá tẹ WhatsApp, á kọ́kọ́ dákẹ́ lójú mi kó tó ṣí. Mo ti ń tọ́jú owó láti ra iPhone 17. Àbúrò mi ní kí n má tíì ná owó náà, pé iPhone tó ń bọ̀ yóò ní ṣíìpù A20 tí wọ́n ń pè ní 2nm, pé ẹni tó bá ra ti ìsinsìnyí ti ra ògbólógbòó. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ní ariwo ọjà lásán ni, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń mú fóònù falẹ̀, kì í ṣe ṣíìpù. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

* * *

Má dúró nítorí ṣíìpù, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe ìṣirò nínú fóònù. Bí o bá ní ìdí mìíràn tí o fi fẹ́ dúró, a lè jọ gbé e yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ìyára A20 kò tó ohun tí èèyàn ń fi oṣù gígùn retí.

Àhesọ náà fúnra rẹ̀ kò jọ irọ́. Ming-Chi Kuo, tó gbajúmọ̀ fún títú àṣírí ohun tó ń lọ láàárín Apple àti àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà ara fóònù fún un, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ilé iṣẹ́ TSMC ní Taiwan ni yóò ṣe A20, lórí ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń gbà ṣe ṣíìpù, tí wọ́n ń pè ní 2nm; bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré sí i ni ọ̀nà náà ṣe tuntun sí i. TSMC ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe 2nm lọ́pọ̀ ní ìparí 2025, Apple sì wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀ tó tóbi jù lọ. Èmi náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí.

Ibi tí àbúrò rẹ ti ṣì í ni ohun tí 2nm máa ṣe fún ọ. TSMC ti kéde ìwọ̀n rẹ̀ fúnra wọn. Tí a bá fi wé 3nm tó ṣáájú, 2nm lè fi ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún yára sí i láì jẹ iná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tàbí kí ìyára má yí padà, kí iná tó ń jẹ dín kù ní ìdá 25 sí 30. Èèyàn kì í rí méjèèjì gbà pọ̀ lódindi. Ká ní wọ́n wá kó gbogbo rẹ̀ sí ìyára: ohun tó ń gba ìṣẹ́jú-àáyá kan lórí iPhone 17 yóò gba nǹkan bí 0.87. Ojú rẹ kò lè mọ ìyàtọ̀ yẹn, ọwọ́ rẹ kò sì lè mọ̀ ọ́n.

Apple pàápàá mọ èyí. Ní oṣù kẹta 2022, Kuo yìí kan náà sọ pé iPhone 14 Pro nìkan ni yóò gba ṣíìpù A16, pé iPhone 14 lásán yóò tún lo A15 tó wà nínú iPhone 13. Ariwo sọ. Àwọn kan ní ìrẹ́jẹ ni. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí, àfi pé ẹ̀ka ṣíìpù náà tó ń gbé àwòrán sójú fóònù ní ẹ̀yà ìṣirò kan ju ti iPhone 13 lọ. Nínú àwọn tó ń lo iPhone 14 lónìí, èmi kò tíì pàdé ẹnì kan tó ń ráhùn pé A15 ló ń dá òun dúró.

* * *

Ní ti ẹni ibi iṣẹ́ rẹ, òun náà kò jàre tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbè é lẹ́yìn nínú èsì tí ẹ kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí pé "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni", ẹ jẹ́ ká dán an wò kí a tó dá ẹjọ́.

Pa dátà, pa Wi-Fi. Ṣí kámẹ́rà, ya àwòrán kan, lọ wò ó níbi tí àwòrán ń wọlé sí, padà, kí o ṣí ibi tí a ti ń tẹ nọ́ńbà bí ẹni fẹ́ pe èèyàn. Bí fóònù bá ń dákẹ́ lójú rẹ nínú gbogbo èyí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, nítorí kò sí níbẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń lọ geere, tó jẹ́ pé ìgbà tí o bá fẹ́ fi fídíò ránṣẹ́ nìkan ló ń yí bírí-bírí, a jẹ́ pé ẹni ibi iṣẹ́ rẹ sọ òótọ́, kò sì sí A20 tàbí A30 tó lè wo ìyẹn sàn. MTN ti bẹ̀rẹ̀ 5G ní Nàìjíríà láti oṣù kẹsàn-án 2022, síbẹ̀ ibi tó pọ̀ ló ṣì wà tí 4G ti ń já bọ́ sí 3G nígbà tí èèyàn bá wọ inú ilé.

Ìwọ sọ pé títẹ̀ lásán ni WhatsApp rẹ kì í fẹ́ gbọ́. Ìyẹn kì í ṣe ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

* * *

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, Ìkẹjà, ti dá sí i, mo sì fẹ́ kí gbogbo yín fetí sí ohun tó sọ. Ó ní tí wọ́n bá ti gbé fóònù wá bá òun pé ó ń háńgì, àyè tó kù nínú rẹ̀ ni òun kọ́kọ́ ń wò, pé ó ṣọ̀wọ́n kí òun má bá a pé ó ti kún dé ẹnu.

Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń ta aṣọ, orí WhatsApp ló ti ń polówó ọjà rẹ̀. Fóònù rẹ̀ jẹ́ 64GB, àyè tó kù níbẹ̀ kò tó 1GB. Tó bá tẹ lẹ́tà, lẹ́tà yẹn á pẹ́ kó tó jáde, á wá tú jáde ní mẹ́rin márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti pinnu láti ra òmíràn. A ṣí WhatsApp, a lọ sí Settings, a lọ sí Storage and data, a tẹ Manage storage. Fídíò "ẹ kú àárọ̀" láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, fídíò ìgbéyàwó ọmọ ẹni tí kò mọ̀ rí, fídíò elégbòogi kan tí ẹgbẹ́ bíi mélòó kan fi ránṣẹ́ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. A pa wọ́n rẹ́, a pa fóònù náà, a tún un tàn. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀. Ṣíìpù tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Mẹ́mọ́rì inú fóònù, ibi tí fídíò àti àwòrán rẹ ń gbé, kò lè kọ ohun tuntun lé orí ohun tó wà nílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu odidi apá kan kúrò. Bí àyè bá wà, á ti nu ún sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó dé. Bí kò bá sí, ìgbà tí o bá tẹ nǹkan ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ibi tó máa nù, á máa kó ẹrù láti ibì kan sí ibòmíràn, ìwọ á sì máa wo ojú fóònù.

Oríṣi mẹ́mọ́rì náà tún wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ló ń lo eMMC 5.1, tí kò lè kọjá 400MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí kò sì lè kà kó tún máa kọ lẹ́ẹ̀kan náà. Oríṣi tó jù ú lọ, UFS 2.1 àti 2.2, lè dé nǹkan bí 1,200MB, ó ń kà, ó sì ń kọ pọ̀. Ìwọ̀n òkè pátápátá ni mo sọ o, kò sí fóònù tó ń dé ibẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ yẹn ni ọwọ́ ń mọ̀ nígbà tí áàpù bá ń ṣí. Ara páálí, 128GB nìkan ni wọ́n máa kọ síbẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà. Ó di dandan kí o wá orúkọ fóònù náà lórí GSMArena, ìkànnì tó ń to ohun inú fóònù lẹ́sẹẹsẹ, kí o tó mọ èyí tó wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ní láti yan ọ̀kan, mo máa mú UFS pẹ̀lú ṣíìpù tó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju eMMC pẹ̀lú ṣíìpù tó ga díẹ̀ lọ.

* * *

Ẹnì kan ti fọhùn: "Kí ló kàn án kan iPhone? Kó lọ ra èyí tó ní Helio G91. G88 ló ń lò tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà ti ga sí i."

Rárá o. Ibí yìí ni owó yín ti ń ṣòfò jù, mo sì fẹ́ dúró lé e lórí díẹ̀.

MediaTek, ilé iṣẹ́ tó ni ṣíìpù Helio, gbé G85 jáde ní 2020, G88 ní 2021, G91 ní 2024. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀yà ìṣirò ńlá méjì tó ń jẹ́ Cortex-A75 ló wà níbẹ̀ tó ń sáré dé 2.0GHz, pẹ̀lú kékeré mẹ́fà tó ń jẹ́ Cortex-A55 tó ń sáré dé 1.8GHz, 12nm sì ni gbogbo wọn. Ọdún mẹ́rin kọjá, orúkọ yí padà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ tó ń ṣe ìṣirò kò kúrò lójú kan. Ohun tí wọ́n fi kún un jẹ́ ti kámẹ́rà tí megapixel rẹ̀ pọ̀ àti ojú fóònù tó ń yí àwòrán padà kánkán. Ẹni tó bá kúrò lórí G88 bọ́ sí G91 nítorí pé fóònù rẹ̀ ń háńgì yóò rí ìyàtọ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, nítorí mẹ́mọ́rì tuntun náà ṣófo. Tó bá ti kún, ó ti padà síbi tó wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni G99 ti 2022, G100 ti 2024 àti G200 ti 2025. Cortex-A76 méjì ní 2.2GHz, A55 mẹ́fà ní 2.0GHz, 6nm. G100 fi agbára kámẹ́rà 200 megapixel kún un, G200 fi díẹ̀ kún ìyára ẹ̀ka àwòrán. Bí ẹnì kan bá ń ta èyí tó ní G99 fún ọ ní owó tó fi ₦50,000 dín sí ti G100, tí RAM (àyè tí áàpù ń lò nígbà tó bá ṣí) àti mẹ́mọ́rì wọn sì jẹ́ bákan náà, gba ti G99 kí o fi ìyókù ra dátà.

Ṣùgbọ́n láti G88 lọ sí G99? Ìyẹn jẹ́ ìyàtọ̀ gidi. A76 lágbára ju A75 lọ dáadáa, 6nm sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà láì gbóná tó 12nm. Níbẹ̀ ni ṣíìpù ti ń ṣe pàtàkì, láàárín àwọn fóònù tí ọ̀pọ̀ wa ń rà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni àṣìyàn ṣíìpù ń dùn jù, nítorí ọdún mẹ́ta mẹ́rin ló fẹ́ lò ó kó tó tún lè ra òmíràn. Àhesọ kò sì ń jà nípa ìyẹn. Orí A20, tí ìyàtọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú A19 inú iPhone 17 kò ní hàn sí ẹnikẹ́ni tí kì í ta géèmù, ni gbogbo ayé kó ẹnu lé.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó ń wa Bolt ní Èkó, ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ní kí n má sọ pé ṣíìpù kò ṣe nǹkan kan, ẹ sì sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín: ọ̀sán gangan, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lórí Third Mainland Bridge, fóònù wà lára gíláàsì iwájú, oòrùn ń wọ ọ́, máàpù ń ṣiṣẹ́, ṣájà wà nídìí rẹ̀. Lójijì, ojú fóònù ṣókùnkùn fúnra rẹ̀, máàpù dúró sójú kan, ẹ sì kọjá ibi tó yẹ kí ẹ yà.

Ẹ tọ̀nà, sà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyára ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. Ooru ni. Tí ṣíìpù bá ti gbóná dé ìwọ̀n kan, òun fúnra rẹ̀ ló ń dẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kó má bàa jóná, á sì dín ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù kù. Ṣíìpù tó yára jù lọ lórí páálí lè di èyí tó falẹ̀ jù lórí afárá yẹn.

Èyí ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀gá pàápàá. Ní 2015, ṣíìpù Snapdragon 810 ni ilé iṣẹ́ Qualcomm gbé síwájú. Ìròyìn gbígbóná rẹ̀ tàn ká, wọ́n sì ń mẹ́nu kan LG G Flex 2 àti HTC One M9 níbẹ̀. Samsung fi í sílẹ̀, ó kó ṣíìpù Exynos 7420 tirẹ̀ sínú Galaxy S6. Ní oṣù kẹta 2022, ó kan Samsung náà. Àwọn èèyàn rí i pé áàpù kan tó ń jẹ́ Game Optimizing Service nínú Galaxy S22 ń dín ìyára ọ̀pọ̀ áàpù kù nítorí ooru, àmọ́ kì í fọwọ́ kan àwọn áàpù tí wọ́n fi ń wọn ìyára. Geekbench, ọ̀kan nínú àwọn áàpù tó ń wọn ìyára náà, yọ S10, S20, S21 àti S22 kúrò nínú àkójọ rẹ̀, Samsung sì gbé update jáde tí ẹni tó ni fóònù fi lè pa á. Ní 2023, iPhone 15 Pro ń gbóná lẹ́yìn tó jáde. Apple ní àṣìṣe inú iOS 17, ètò tó ń darí iPhone, àti àwọn áàpù bíi Instagram àti Uber ló fà á, wọ́n sì tún un ṣe nínú iOS 17.0.3 ní oṣù kẹwàá. Ní 2025, wọ́n wá fi yàrá tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi wà nínú rẹ̀ sínú iPhone 17 Pro, kó máa gbé ooru kúrò lórí ṣíìpù tàn ká ara fóònù.

Nítorí náà, nínú ohun méjì tí TSMC ṣèlérí nípa 2nm, ìdá 25 sí 30 tí iná yóò fi dín kù ló yẹ kó wu àwa tí a wà níbí. Oòrùn wa kì í ṣe ti California. Iná mànàmáná wa ń lọ, ó ń bọ̀, ẹni tó bá ṣáájì fóònù lówùúrọ̀ kò mọ ìgbà tó tún máa rí iná. Bí wọ́n bá kéde A20, tí wọ́n ní ó fi báyìí-báyìí yára ju A19 lọ, ẹ béèrè iye wákàtí tí bátìrì fi kún un.

Ẹ̀gbọ́n, ní ti yín: ẹ yọ àpò ẹ̀yìn fóònù yẹn nígbà tí ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ gbé e wá sí ẹnu ihò tí éésì ti ń fẹ́, ẹ sì lo ṣájà kékeré dípò èyí tó ń sáré. Á dín kù.

* * *

Ẹnì kan béèrè nípa iPhone tòkúnbọ̀, pé wọ́n ní Apple mọ̀ọ́mọ̀ ń mú fóònù àtijọ́ falẹ̀ kí á lè ra tuntun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní oṣù Kejìlá 2017, ẹni tó dá Geekbench sílẹ̀ gbé ìwọ̀n jáde tó fi hàn pé àwọn iPhone 6s àti 7 kan ti falẹ̀ lẹ́yìn update. Apple gbà pé òótọ́ ni: bí bátìrì bá ti gbó, wọ́n ń dín ìyára kù kí fóònù má bàa kú lójijì. Wọ́n dín owó pípààrọ̀ bátìrì kù láti 79 dọ́là sí 29, ní 2020 wọ́n sì gbà láti san tó 500 mílíọ̀nù dọ́là láti parí ẹjọ́ náà ní Amẹ́ríkà.

Bátìrì, ẹ jọ̀ọ́. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti gbó á falẹ̀, ṣíìpù yòówù kó wà nínú rẹ̀. Kí o tó sanwó tòkúnbọ̀, lọ sí Battery Health kí o wo ìdá tó kù. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ rẹ̀ sí ayédèrú, fóònù tí kò pẹ́ púpọ̀ á kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò mọ ibi tí bátìrì yìí ti wá.

* * *

Ọ̀rọ̀ kékeré fún arábìnrin tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ ra iPhone fún un láti Houston. Láti orí iPhone 14, èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà kò ní ojú ihò SIM rárá, eSIM nìkan ló ń gbà, ìyẹn SIM inú fóònù tí kì í ṣeé yọ. MTN àti Airtel ń ṣe eSIM níbí, nítorí náà kì í ṣe òpin ayé, ṣùgbọ́n ẹ kò ní lè yọ SIM yín sínú fóònù ẹlòmíràn nígbà tí bátìrì bá kú lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ń rà á láti Lọ́ńdọ̀n ṣì ń rí ojú SIM lára iPhone 17. iPhone Air kò ní in níbi kankan ní ayé.

* * *

Àwọn tó takò mí jù ní: "Ẹ ní ṣíìpù ọdún kan kò ṣe nǹkan. Ẹni tó ra iPhone 15 ní 2023 ńkọ́?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyí. Nígbà tí Apple Intelligence, àwọn iṣẹ́ AI ti Apple, dé ní 2024, iPhone 15 Pro àti Pro Max nìkan ló gbà á nínú ìran 15. iPhone 15 tó ní A16 àti RAM 6GB wà níta, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọdún kan tó jáde ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà láàárín wọn: RAM 8GB wà nínú Pro. iPhone 17 ní 8GB.

Iye ọdún tí wọ́n máa fi tọ́jú fóònù ni ìdí tó dára jù tí èèyàn fi lè ra ṣíìpù tó lágbára. iOS 26 tó jáde ní 2025 gba iPhone 11 ti 2019, ó sì jáwọ́ lára XR àti XS tó fi ọdún kan ṣáájú rẹ̀. WhatsApp pa iPhone 5s, 6 àti 6 Plus tì ní oṣù kẹfà 2025, nígbà tí 6s, tí A9 rẹ̀ jáde ní 2015, ṣì ń bá a lọ. Ọdún mẹ́wàá! Kò sí ẹni tó rí A9 ní 2015 tó sọ pé ìyára yẹn kò pọ̀ ju ohun tí òun nílò lọ. Ìyára tó pọ̀jù lónìí ni ẹ máa jẹ lọ́jọ́ iwájú.

Nítorí bẹ́ẹ̀ ni mi ò ṣe fara mọ́ ìlérí kan tí gbogbo ènìyàn ń yìn. Samsung ní òun yóò fún Galaxy A16 ní update fún ọdún mẹ́fà. Ó dára púpọ̀ fún ààbò áàpù báńkì. Àmọ́ Helio G99 ló wà nínú Galaxy A16 ti 4G, ó sì wà lọ́jà pẹ̀lú RAM 4GB. Ní ọdún kẹfà, update náà á dé, ṣùgbọ́n mi ò rí bí 4GB yóò ṣe gbé e. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ra ti 8GB.

Láti A19 lọ sí A20, ọdún kan lẹ máa fi pẹ́ sí i ní ìparí. Ẹni tó fi oṣù gígùn dúró de ọdún kan yẹn, lórí fóònù tó ti ń háńgì, kò jèrè púpọ̀.

* * *

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, tí ẹni mẹ́ta ti gbé wá: "Kó dúró, iPhone 17 á wálẹ̀ tí òmíràn bá dé."

Lówó dọ́là, ó ṣeé ṣe. Nígbà tí 17 dé, wọ́n já iPhone 16 sí 699 dọ́là láti 799. Ṣé dọ́là la fi ń gba owó oṣù? iPhone 13 jẹ́ 799 dọ́là ní oṣù kẹsàn-án 2021, iPhone 17 náà jẹ́ 799 ní oṣù kẹsàn-án 2025. Lówó ìjọba, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦410 nígbà àkọ́kọ́, ó sún mọ́ ₦1,500 nígbà kejì. ₦330,000 di ₦1.2 mílíọ̀nù láì tíì ka owó ọkọ̀ àti èrè oníṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń dúró de ẹ̀dínwó 100 dọ́là gbọ́dọ̀ tún dúró ṣọ́ náírà. Láti ìparí 2025, owó RAM náà ti ń gun òkè ní gbogbo ayé, nítorí àwọn tó ń kọ́ ilé kọ̀ǹpútà ńlá fún AI ń kó o rà.

Àhesọ tí àbúrò rẹ gbọ́ sì ní apá kejì tí kò sọ fún ọ. Àwọn tó ń tú àṣírí yìí kan náà ló ń sọ pé ní oṣù kẹsàn-án 2026, Pro àti èyí tó ń ká ni yóò jáde, pé iPhone 18 lásán di ìbẹ̀rẹ̀ 2027. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí o ń dúró dè fi púpọ̀ wọ́n ju owó tí o tọ́jú lọ.

Èmi kì í fọwọ́ ara mi sí ọjọ́ tí wọ́n bá dá, nítorí ṣíìpù ni wọ́n máa ń mọ̀ jù; ilé iṣẹ́ ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́, èèyàn púpọ̀ ló mọ̀ sí i. Ìyókù ń yẹ̀. Ní 2019, Kuo sọ pé iPhone tó ga jù ní 2021 kò ní ní ojú ṣájà mọ́. Títí di òní, ojú ṣájà wà níbẹ̀. Ó tún sọ pé iPhone 13 máa lè bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀; ọdún kan lẹ́yìn náà, lórí iPhone 14, ló tó dé.

* * *

Àbúrò tó béèrè ti padà wá. Ó ní òun ti nu mẹ́mọ́rì, pé WhatsApp ti ń ṣí dáadáa, ṣùgbọ́n tí òun bá kúrò nínú áàpù báńkì lọ ka nọ́ńbà OTP, tí òun bá padà, áàpù náà á ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ti rí Android kan tí wọ́n kọ RAM 16GB sí, tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti iPhone.

Ohun tó ń ṣe áàpù báńkì rẹ yẹn ni RAM 4GB. Kò sí àyè láti gba áàpù méjì mọ́ra, ó ń ti ọ̀kan jáde kí èkejì tó wọlé. Àmọ́ wo 16GB yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìgbà, 8GB ni RAM gidi, 8GB ìyókù jẹ́ àyè tí wọ́n yá lára mẹ́mọ́rì. Mẹ́mọ́rì kò lè sáré bíi RAM. Bó bá tún lọ jẹ́ eMMC, yíyá yẹn lè dá kún ìháńgì. Lọ sí About phone; bí wọ́n bá kọ ọ́ bíi 8GB + 8GB, nọ́ńbà tó ṣáájú àmì ìròpọ̀ ni tìrẹ.

Bó bá jẹ́ pé WhatsApp, báńkì, YouTube àti àwòrán ọmọ ni iṣẹ́ rẹ, tí owó iPhone yóò sì fa gbèsè, Android tó ní G99 tàbí èyí tó jù ú lọ, RAM 8GB gidi àti UFS tó ọ, owó á sì ṣẹ́ kù. Bó bá jẹ́ pé fídíò lo ń gé fún oníbàárà, tàbí o fẹ́ lò ó fún ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, tí owó náà sì wà nílẹ̀ ní tòótọ́, ra iPhone 17, kí o má wo ẹ̀yìn.

Èyí yòówù kí o mú, má sanwó kí o tó ṣí kámẹ́rà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Gbé fídíò sí ìwọ̀n tó ga jù, kí o jẹ́ kó máa ká a fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù dé góńgó. Fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Kí o wá jáde nínú kámẹ́rà náà lójú ẹsẹ̀, ṣí WhatsApp, tẹ ọ̀rọ̀ gígùn kan, kí o wo bí lẹ́tà ṣe ń tẹ̀lé ọwọ́ rẹ nígbà tó ṣì gbóná. Bí ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá ní òun kò ní àyè irú ìyẹn, kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.